Ilẹ̀ oníyọ̀ àti ilẹ̀ oníkánún: bí a ṣe ń mọ ìyàtọ̀ wọn, àti ìtọ́jú tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu

Bí ẹ bá fọ́ kánún díẹ̀, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń sọ sínú ìkòkò ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀, tí ẹ sì pò ó mọ́ omi ní àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ ó rí i pé ó ń yọ̀ bí omi ọṣẹ. Bí ẹ bá fi iyọ̀ ọbẹ̀ ṣe bákan náà, kò ní yọ̀. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sódíọ̀mù wà nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan ń fi ojú ilẹ̀ rí yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì. Nínú gbogbo àṣìṣe tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣe lórí ilẹ̀ tí iyọ̀ ti bàjẹ́ ní àwọn agbègbè tí òjò kò ti pọ̀, èyí tó ń náni lówó jù lójú tèmi ni kí wọ́n máa fi oògùn ọ̀kan tọ́jú èkejì. Ìdí nìyí tí mo fi gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbí, kí ẹni tó fẹ́ yá ilẹ̀ tàbí kí ó rà á, àti ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣá mọ́ ọn lọ́wọ́, lè mọ èyí tí yóò yàn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò tó ń rọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ló ń fọ iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀ fún wa. Ohun tó sábà máa ń ṣe ilẹ̀ tiwa ni pé ó kan, kì í ṣe pé ó níyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dá oko ìbomirin ní Kano, ní Jigawa, ní Kebbi tàbí ní ẹ̀bá Adágún Chad, níbi tí púpọ̀ nínú kánún tí à ń rà lọ́jà ti ń wá, kò lè fi ọgbọ́n oko Ìsẹ́yìn tàbí ti Ìkàrẹ́ ṣe é. Àwa tí a jókòó sílé pàápàá, àlùbọ́sà àti tòmátì inú ọbẹ̀ wa, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bọ̀.

Ibi tí iyọ̀ ti ń wá kò ṣòroó mọ̀. Omi odò, bó ti wù kí ó mọ́ tó, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iyọ̀ nínú omi àti nínú ilẹ̀ ni EC, wọ́n sì ń fi dS/m kọ ọ́. Omi tí EC rẹ̀ jẹ́ 0.5, tí ẹ lè mu láìfura pé iyọ̀ wà nínú rẹ̀ rárá, ní nǹkan bí gíráàmù 0.32 iyọ̀ nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń bu omi yìí rin oko tó tó hẹ́kítà kan, tí àpapọ̀ rẹ̀ láàárín ọdún sì tó ìjìnlẹ̀ mítà kan, tọ́ọ̀nù 3.2 iyọ̀ ni ẹ ti kó wọ inú oko náà. Oòrùn yóò fa omi lọ, yóò sì fi iyọ̀ sílẹ̀. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá tún ru sókè títí tí kò fi jìnnà ju mítà kan ààbọ̀ tàbí méjì lọ, ilẹ̀ yóò máa fà á sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì, iyọ̀ abẹ́lẹ̀ yóò sì máa gun òkè tọ̀ yín wá, yálà ẹ bomi rin oko tàbí ẹ kò bomi rin ín. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Iraq, láàárín odò Tigris àti Euphrates, àwọn àkọsílẹ̀ orí amọ̀ láti ayé àtijọ́ fi hàn pé ọkà báálì, tó lè fara da iyọ̀, ń gba ipò àlìkámà díẹ̀díẹ̀ láàárín nǹkan bí 3500 àti 1700 ṣáájú ìbí Krístì. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ọwọ́ iyọ̀ ti pọ̀ tó nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ ṣì ń dààmú ilẹ̀ ibẹ̀ títí di òní.

Ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín ná

Ilẹ̀ oníyọ̀ sábà máa ń ní èépá funfun lójú, pàápàá ní etí poro àti ní ibi tó ga díẹ̀ lórí ebè, níbi tí omi ti ń gbẹ kíákíá. Ẹ fi ọkọ́ wú u, ẹ ó rí i pé abẹ́ rẹ̀ rọ̀, omi sì ń wọlé sínú rẹ̀ láìsí wàhálà. Ọ̀gbìn orí rẹ̀ yóò máa rọ bí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, etí ewé rẹ̀ yóò sì jó. Ilẹ̀ oníkánún kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ lè dúdú, nítorí pé kánún ń yọ́ ewé àti gbòǹgbò tó ti jẹrà, ó sì ń kó dúdú wọn wá sójú ilẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sí i, omi yóò dúró lójú rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, omi náà yóò rí bí ẹrẹ̀ tí wọ́n rò pọ̀, síbẹ̀ bí ẹ bá walẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí ó bá gbẹ tán, ó le bí bíríkì, ọkọ́ yóò máa dún lórí rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ apá àríwá Íńdíà ní orúkọ fún irú ilẹ̀ yìí: *usar* ni wọ́n ń pè é.

Ojú nìkan kò tó láti fi dá a mọ̀. Ẹ bu omi òjò tó mọ́ sínú ife onígíláàsì. Omi kànga kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ yóò bo àbájáde mọ́lẹ̀. Ẹ mú kóró ilẹ̀ gbígbẹ tí kò ju hóró ẹ̀pà kan lọ, ẹ rọra fi í sí ìsàlẹ̀ ife náà, ẹ má rò ó, ẹ má mì í, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ oníyọ̀, kóró náà lè wó, ṣùgbọ́n omi orí rẹ̀ yóò mọ́ kedere. Bí ó bá jẹ́ oníkánún, ẹ ó rí nǹkan bí èéfín tàbí bí omi ògì tí ń tàn yí kóró náà ká, nígbà mìíràn kí wákàtí kan tó pé, títí gbogbo ìsàlẹ̀ ife yóò fi ṣókùnkùn. Amọ̀ ni ẹ ń wò yẹn, tí hóró rẹ̀ ń tú kúrò lára ara wọn.

Ẹ̀tàn kan wà nínú ìdánwò yìí o. Irú ilẹ̀ kẹta wà tí iyọ̀ àti kánún jọ wà nínú rẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ sì máa ń di amọ̀ mú pọ̀, tí omi ife yóò fi mọ́, tí ẹ ó sì rò pé oníyọ̀ lásán ni. Nítorí náà, bí omi bá mọ́, ẹ dà á nù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ bu òmíràn, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá wá ṣókùnkùn lẹ́yìn tí iyọ̀ ti fọ̀ kúrò, ilẹ̀ alápapọ̀ ni, òun ló sì léwu jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ìtọ́jú tó dà bíi pé ó tọ́ ni yóò bà á jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó gbé ilẹ̀ lọ síbi àyẹ̀wò. Ààlà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Riverside, ní California, fi lélẹ̀ ní 1954 ni wọ́n ṣì ń lò ní ọ̀pọ̀ ibi. Ilẹ̀ oníyọ̀ ni èyí tí EC rẹ̀ ju 4 lọ, tí ìdá sódíọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ amọ̀ rẹ̀ kò tó 15 nínú ọgọ́rùn-ún, tí pH rẹ̀ (òdiwọ̀n bí ilẹ̀ ti kan tó, tó ń ga sí i bí kíkan bá ti ń dín kù) sì sábà máa ń wà lábẹ́ 8.5. Ilẹ̀ oníkánún ni èyí tí EC rẹ̀ kò tó 4, ṣùgbọ́n tí sódíọ̀mù rẹ̀ ju 15 lọ, tí pH rẹ̀ sì sábà máa ń kọjá 8.5. Èyí tó kọjá ààlà iyọ̀ àti ti sódíọ̀mù pa pọ̀ ni alápapọ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní EC àti pH nìkan, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀; ẹ bèèrè ti sódíọ̀mù, nítorí òun ni yóò sọ iye tí ẹ máa ná.

Omi lásán, tàbí jípsọ̀mù kí omi tó tẹ̀ lé e

Fún ilẹ̀ oníyọ̀, omi ni oògùn. Kò sí ẹ̀tù tí ẹ lè bù sí i tí yóò sọ iyọ̀ di asán. Ó ní láti yọ́ sínú omi, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò dé. Òdiwọ̀n tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni pé, láti fọ ilẹ̀ tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15 yóò kó nǹkan bí ìdajì iyọ̀ lọ, sẹ̀ǹtímítà 30 yóò kó nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, 60 yóò sì kó nǹkan bí 90. Ẹ kíyè sí i pé omi ìlọ́po méjì ní ìgbẹ̀yìn kò mú ju ìdá mẹ́wàá lọ. Sẹ̀ǹtímítà 30 lórí hẹ́kítà kan jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta lítà, ìyẹn ọkọ̀ táńkà elélítà 10,000 lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún. Mo gba yín níyànjú pé kí ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ gbin ohun tó lè fara da ìyókù, kí omi ọ̀gbìn sì parí iṣẹ́ náà. Ẹni tí omi wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa bù ú díẹ̀díẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó rì kí ó tó bu òmíràn. Yóò pẹ́ ju kí a kún oko bí adágún lọ, ṣùgbọ́n omi tí yóò gbà kéré. Ní Uzbekistan, ìgbà òtútù ni wọ́n ń ṣe irú ìfọlẹ̀ yìí, nítorí pé oòrùn kò ní fa omi lọ kí ó tó rì.

Ẹ wá gbé omi kan náà lọ sórí ilẹ̀ oníkánún, ẹ ó rí òdìkejì. Kálísíọ̀mù, èròjà mìíràn nínú ilẹ̀, ló ń mú kí hóró amọ̀ dì mọ́ra, tí àlàfo fi ń wà láàárín wọn tí omi ń gbà kọjá. Sódíọ̀mù ti gba ipò kálísíọ̀mù níbẹ̀, àwọn hóró náà sì ti tú ká, wọ́n ti dí gbogbo àlàfo. Omi tó mọ́ yóò tún mú kí wọ́n tú ká sí i ni. Lórí ilẹ̀ alápapọ̀ ọ̀rọ̀ yìí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: omi kọ́kọ́ máa ń rì dáadáa, inú àgbẹ̀ yóò dùn, iyọ̀ yóò fọ̀ lọ, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ yóò pa ojú dé lójijì, tí àìsàn tí omi nìkan ì bá wò sàn tẹ́lẹ̀ yóò sì di èyí tó ń fẹ́ jípsọ̀mù.

Jípsọ̀mù ni òkúta tí wọ́n ń sun kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ fún POP tí à ń fi ṣe àjà ilé. Tútù rẹ̀ tí wọn kò sun ni ti oko. Ó wà nílẹ̀ wa, ní Sokoto, ní Yobe àti ní Gombe. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ yóò lé sódíọ̀mù kúrò lára amọ̀, sódíọ̀mù yóò di iyọ̀ tó ń yọ́, omi yóò sì gbé e lọ. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n sódíọ̀mù tí ibi àyẹ̀wò bá kọ ní cmol nínú kílò ilẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ yọ kúrò nínú sẹ̀ǹtímítà 30 òkè, ẹ ka nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́rin jípsọ̀mù fún hẹ́kítà kan.

Ibi tí mo mọ̀ tí wọ́n ti ṣe èyí lọ́nà tó gbòòrò jù ni Íńdíà. Ní 1969, ìjọba wọn dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ ní Karnal, ní ìpínlẹ̀ Haryana, fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí iyọ̀ tàbí kánún ti bàjẹ́ nìkan. Ní 1993, ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh àti Ilé-ìfowópamọ́ Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ilẹ̀ *usar* pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ kéékèèké. Àgbẹ̀ yóò tẹ́ ojú oko dọ́gba, yóò mọ etí rẹ̀ yíká, yóò da tọ́ọ̀nù 10 sí 15 jípsọ̀mù sí hẹ́kítà kan, yóò rò ó mọ́ sẹ̀ǹtímítà bíi mẹ́wàá òkè nìkan, yóò sì dá omi dúró lórí rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ́ ìrẹsì, tí àlìkámà yóò sì tẹ̀ lé e, kò sì gbọdọ̀ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ lófìfo ní ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn. Ìrẹsì ni wọ́n yàn nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, ó fẹ́ràn omi tó dúró, ó sì lè fara da kánún gan-an. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kan náà yìí kò lè fara da iyọ̀: bí EC ilẹ̀ bá ti kọjá 3 báyìí, èso rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ẹni tó bá gbin ìrẹsì sórí ilẹ̀ oníyọ̀ nítorí pé ó gbọ́ pé ó ṣiṣẹ́ ní Íńdíà yóò pàdánù irúgbìn rẹ̀.

Àwọn ohun mìíràn tí wọ́n ń tà dípò jípsọ̀mù

Imí ọjọ́ fúyẹ́ láti kó ju jípsọ̀mù lọ. Kílò 190 rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ tọ́ọ̀nù kan jípsọ̀mù. Bí ọ̀nà oko yín bá jìn, tí owó ọkọ̀ sì ń pa yín, ó yẹ kí ẹ rò ó. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìrí inú ilẹ̀ ló ní láti sọ ọ́ di ásíìdì, ìyẹn sì ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù nínú ilẹ̀ tó gbóná, tí omi sì wà nínú rẹ̀. Láìsí ẹfun nínú ilẹ̀ náà pẹ̀lú, kò ní rí kálísíọ̀mù tí yóò tú sílẹ̀. Ásíìdì fúnra rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n ohun tó lè bọ́ ẹran ara ènìyàn ni, n kò sì lè gba ẹnikẹ́ni tí kò ní irinṣẹ́ rẹ̀ níyànjú láti fọwọ́ kàn án.

Láìmù ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹni tó bá ti dáko ní gúúsù mọ láìmù dáadáa, nítorí òun ni à ń da sórí ilẹ̀ tó kan, kálísíọ̀mù sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ tí pH rẹ̀ ti ga ju 8 lọ, láìmù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ rárá. Yóò jókòó síbẹ̀ bí òkúta. Funfun ni òun àti jípsọ̀mù, ẹ̀tù sì ni àwọn méjèèjì, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò kí ẹ tó sanwó. Ní ti ìgbẹ́ màlúù àti ewé tó jẹrà, wọ́n ń ran jípsọ̀mù lọ́wọ́, wọ́n ń ṣí ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí sódíọ̀mù bá pọ̀, àwọn nìkan kò tó o.

Níbo ni omi náà ń lọ?

Ìbéèrè yìí kan ilẹ̀ méjèèjì bákan náà, òun sì ni mo rò pé ó yẹ kí ó ṣáájú owó èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ ná. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá wà nítòsí, omi tí ẹ fi fọ iyọ̀ yóò kàn pàdé rẹ̀ ni, yóò sì tún gun òkè padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní mítà méjì, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wo bóyá omi ti sun sínú rẹ̀.

Bí omi bá wà níbẹ̀, kòtò gbalasa ni ó rọrùn jù láti gbẹ́, ọwọ́ àti ọkọ́ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ilẹ̀, koríko sì máa ń dí i lọ́dọọdún. Páìpù oníhò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, irú èyí tí Íjíbítì ti rì sábẹ́ oko púpọ̀ ní agbègbè Náílì láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kì í jẹ ilẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹgbẹ́ tàbí ti ìjọba ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Kànga onímáṣíìnì tí Pakistan bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ káàkiri Punjab láti nǹkan bí 1960 ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, ó sì tún ń pèsè omi oko níbi tí omi náà bá ti dára. Níbi tí omi náà bá ti níyọ̀, ìṣòro ẹlòmíràn ni ẹ ń fà jáde yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kesterson, ní California, fi èyí hàn: omi tí wọ́n ń dà jáde láti inú oko ibẹ̀ kó sẹlẹ́níọ̀mù, èròjà kan tó ń di májèlé bí ó bá pọ̀ jù, wọ adágún, ní 1983 ni wọ́n sì rí ọmọ ẹyẹ inú ẹyin tí kò ní ojú tàbí ìyẹ́ tó pé.

Bí ẹ bá yàn láti bá iyọ̀ gbé

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yẹ kí ó tún ilẹ̀ ṣe. Ẹni tó yá oko fún ọdún méjì péré, tí ó da tọ́ọ̀nù jípsọ̀mù méjìlá sí i, onílẹ̀ ni ó tún ilẹ̀ ṣe fún. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yan ọ̀gbìn tó bá iyọ̀ ibẹ̀ mu. Ẹ̀wà erèé inú ọgbà àti kárọ́ọ̀tì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà bí EC ilẹ̀ bá ti kọjá 1. Àlùbọ́sà ní 1.2, ata ní 1.5, àgbàdo ní 1.7, tòmátì ní 2.5, ẹ̀pà ní 3.2. Ẹ̀wà wa tí à ń sè lójoojúmọ́ lè dé nǹkan bí 4.9, àlìkámà 6, ọkà bàbà 6.8, òwú 7.7, ọkà báálì 8. Àlùbọ́sà ń pàdánù nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún èso rẹ̀ fún EC kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí ààlà rẹ̀, nígbà tí ọkà báálì ń pàdánù 5 péré.

Ohun tí ẹ bá gbìn ló tún ń sọ iye omi tí ẹ ó máa bù lé ti ọ̀gbìn láti lè fi lé iyọ̀ sísàlẹ̀. Ká ní EC omi yín jẹ́ 1. Fún àlùbọ́sà, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo omi tí ẹ ń bù gbọ́dọ̀ kọjá gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀. Fún ọkà báálì, kò tó 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí omi rẹ̀ kò tó, tí ó sì tẹra mọ́ àlùbọ́sà nítorí owó rẹ̀, yóò jẹ èrè ọdún kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ilẹ̀ yóò kọ̀.

Ẹni tó ni ilẹ̀ tirẹ̀, tí ilẹ̀ náà jẹ́ oníyọ̀, tí ihò mítà méjì rẹ̀ sì gbẹ, kò níṣòro ńlá: kí ó mọ etí oko yíká kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí omi òjò bá a fọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oníkánún, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdá kan hẹ́kítà tí apá rẹ̀ ká, kí jípsọ̀mù rẹ̀ pé níbẹ̀, ju kí ó fi ìwọ̀n tí kò tó wọ́n gbogbo oko lọ. Bí ihò bá sì kún fún omi, tí kò sí ibi tí a lè darí rẹ̀ sí, ohun tí èmi yóò ṣe ni pé n kò ní ná kọ́bọ̀ lórí ìfọlẹ̀. Màá fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún koríko tó ń gba iyọ̀, bí irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní Karnal fún ẹran, kí màlúù àti àgùntàn máa jẹ ẹ́. Koríko náà kò ní kó iyọ̀ tán, nítorí iyọ̀ tí ewé lè gbé jáde kéré gan-an sí èyí tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò bo ojú ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ oòrùn, gbòǹgbò rẹ̀ yóò la ọ̀nà fún omi, ẹran yóò sì rí nǹkan jẹ lórí ilẹ̀ tí kò ní ohun mìíràn tí yóò fún ni. Ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú oko ni irú ilẹ̀ yìí sábà máa ń jẹ́, níbi tí iyọ̀ gbogbo ẹ̀bá rẹ̀ ń ṣàn wá bá, ó sì sàn kí ó máa gbà á níbẹ̀ ju kí ó padà sórí èyí tí ẹ ti tún ṣe lọ.